Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ rẹ́fáránsì fídíò YouTube sínú ẹ́sè àti pírọ́jẹ́ẹ̀tì yín

Tí àsìkò pírọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé báyìí, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fáwọn ọmọ yunifásítì ní Akoka níbí kì í gbèrò mọ́, bí ọ̀kan ṣe ń jáde nìkejì ń wọlé, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, fáàn ń fẹ́ bébà kiri orí tábìlì, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to rẹ́fáránsì mi." Màá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, màá rí i pé wọ́n kọ tàwọn ìwé dáadáa, tàwọn jọ́nà náà ò burú, àmọ́ tó bá ti kan fídíò, "Source: YouTube" ni màá bá níbẹ̀, tàbí kí n bá www.youtube.com lásán, ó parí.

Ó máa ń dùn mí gan-an ni. Torí mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ra dátà, ó jókòó ti fídíò ọ̀hún, ó dá a dúró, ó tún dá a padà sẹ́yìn, ó ń kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ gidi ló ṣe, ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ ni ò kọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní kí àlejò wá kí yín nílé, ẹ ò lè sọ fún un pé "Èkó ni mò ń gbé" kẹ́ ẹ wá máa retí ẹ̀. Ẹ máa ní kó bọ́ sílẹ̀ ní Sábó, ẹ máa sọ àdúgbò tó máa yà sí fún un, ẹ máa ní tó bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún kó ka ilé mẹ́ta. Ohun tí rẹ́fáránsì wà fún náà nìyẹn, ẹ ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó ń ka iṣẹ́ yín kó lè dé ibi tẹ́ ẹ dé, kó gbọ́ ohun tẹ́ ẹ gbọ́, ní ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ gan-an.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bi súpáfáísọ̀ yín léèrè irú sítáì, ìyẹn ìlànà kíkọ rẹ́fáránsì, tí dìpátímẹ́ǹtì yín ń lò. Àwọn tó ń ka sọsiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìròyìn, APA ni wọ́n sábà máa ń lò, àwọn tó ń ka lítíréṣọ̀ àti èdè máa ń lo MLA, àwọn onítàn sì fẹ́ràn Chicago torí wọ́n máa ń kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Tí dìpátímẹ́ǹtì yín bá ní ìwé ìlànà tiwọn, ìwé yẹn lẹ máa tẹ̀ lé, kódà tó bá yàtọ̀ sí ohun tí mò ń sọ yìí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kàn lọ ṣe kọ́pì pírọ́jẹ́ẹ̀tì bọ̀ọ̀dá tó ṣáájú yín lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn pírọ́jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó wà káàkiri, ìwé ìlànà APA ẹlẹ́ẹ̀kẹfà tó jáde ní 2009 ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn làwọn tẹ́ ẹ máa ń rí "Retrieved from" níwájú líǹkì. Ẹlẹ́ẹ̀keje ti jáde láti 2019, wọ́n sì ti yọ "Retrieved from" yẹn kúrò, líǹkì nìkan lẹ máa kọ.

Ó yá, ẹ mú fóònù yín. Ẹ ṣí fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Nǹkan márùn-ún lẹ máa kọ sílẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó gbé e, àkọlé ẹ̀, ibi tó gbé e sí (YouTube ni àbí Facebook ni àbí TikTok), àti líǹkì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdì tí wọ́n ti sọ ọ́ kún un.

Ọjọ́ yẹn ló máa ń dá àwọn ọmọ láàmú jù. Lábẹ́ fídíò, ohun tí YouTube máa kọ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti gbé e, ìyẹn ò wúlò fún wa. Ẹ tẹ àkọlé fídíò náà tàbí ibi tí wọ́n kọ "more" sí, àlàyé kan máa ṣí, ọjọ́ àti oṣù àti ọdún máa jáde síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "Streamed live on" tàbí "Premiered" níwájú ọjọ́ náà, kò sí wàhálà, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa kọ.

Ti líǹkì náà ní ọgbọ́n díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ Share, YouTube máa fún yín ní líǹkì kúkúrú kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú youtu.be, ẹ sì máa rí àmì ìbéèrè kan nínú ẹ̀ tí si= tẹ̀ lé, tí lẹ́tà wuruwuru wá wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n fi ń mọ ẹni tó pín in ni, kì í ṣe ara àdírẹ́sì fídíò, ẹ pa á rẹ́ láti ibi àmì ìbéèrè yẹn lọ sẹ́yìn. Àdírẹ́sì fídíò gan-an ò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́kànlá lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ líǹkì gígùn ló wà lọ́wọ́ yín, èyí tó ní watch?v= nínú, ẹ má fọwọ́ kan àmì ìbéèrè tiẹ̀ o, torí ẹ̀yìn ẹ̀ ni lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn wà. Kẹ́ ẹ sì rí i pé lẹ́tà ńlá jẹ́ lẹ́tà ńlá, kékeré jẹ́ kékeré, tẹ́ ẹ bá ṣi ẹyọ kan kọ báyìí, líǹkì yẹn ò ní ṣí.

Ẹ jẹ́ ká wá to ọ̀kan pa pọ̀. Fídíò tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ni fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sórí YouTube látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, sẹ́kọ́ǹdì mọ́kàndínlógún péré ni, Jawed Karim tó wà lára àwọn tó dá YouTube sílẹ̀ ló dúró síwájú àwọn erin ní ọgbà ẹranko ní San Diego ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe máa rí ní APA rèé:

Karim, J. [jawed]. (2005, April 23). *Me at the zoo* [Video]. YouTube. https://www.youtube.com/watch?v=jNQXAC9IVRw

Ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ ìdílé ló ṣáájú, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹ̀ wá tẹ̀ lé e, orúkọ tó ń jẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wá wọ bráákẹ́ẹ̀tì onígun, ẹ sì rí i pé j kékeré ló fi kọ ọ́, bó ṣe kọ ọ́ lẹ máa kọ ọ́. Ọdún ló ṣáájú oṣù. Àkọlé fídíò ni wọ́n máa ń kọ ní ítálíìkì, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló tóbi níbẹ̀ àfi tó bá ní orúkọ èèyàn tàbí ìlú nínú, torí náà àwọn àkọlé tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ látòkè délẹ̀ yẹn, tó dà bí ẹni tó ń pariwo, ẹ sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré. Ẹ sọ pé fídíò ni, ẹ sọ ibi tó wà, ẹ fi líǹkì sí i, ẹ má fi dọ́ọ̀tì sẹ́yìn líǹkì. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ mọ̀, tẹ́ ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó ni ín, orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa ṣáájú láìsí bráákẹ́ẹ̀tì. Tó bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́, bíi BBC News Yorùbá tàbí Channels Television, orúkọ wọn lódindi lẹ máa kọ, ẹ má wá sọ Channels di orúkọ àbísọ kẹ́ ẹ kọ "Television, C." Mo ti rí èyí lójú ara mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní MLA, fídíò kan náà máa yí padà báyìí:

"Me at the Zoo." *YouTube*, uploaded by jawed, 23 Apr. 2005, www.youtube.com/watch?v=jNQXAC9IVRw.

Wọ́n ti àkọlé ṣáájú, àkọlé wà nínú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, YouTube ló wá wà ní ítálíìkì, ọjọ́ ló ṣáájú oṣù, dọ́ọ̀tì sì wà lẹ́yìn líǹkì. Ẹ má po méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan.

Ibi tó gba sùúrù jù rèé o. Ẹni tó gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ̀tọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lọ̀tọ̀. APA máa ń pe ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní òǹkọ̀wé, kódà kó má jẹ́ òun ló ya fídíò náà, torí orúkọ ẹ̀ lẹni tó ń wá fídíò ọ̀hún máa bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé "Àǹtí, ṣé ìyẹn ò ní já sí pé mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ ni?" Ìbéèrè gidi ni, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ ẹ̀. Inú ẹ́sè gan-an lẹ ti máa dárúkọ ẹ̀. Ká ní kọmíṣọ́nà kan sọ̀rọ̀ nípa omíyalé nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Channels Television gbé jáde ní 2019, ẹ máa kọ ọ́ sínú gbólóhùn yín pé kọmíṣọ́nà báyìí ló sọ ọ́, ẹ dárúkọ ẹ̀ àti ipò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi (Channels Television, 2019, 12:40) parí ẹ̀. Ẹni tó bá kà á máa mọ ẹni tó sọ ọ́, ó sì máa mọ ibi tó ti máa wá a lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ lórí pèpéle TED náà, ibi tẹ́ ẹ ti wò ó ló máa pinnu ẹ̀: tẹ́ ẹ bá wò ó lórí wẹ́ẹ̀bù TED fúnra wọn, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ṣáájú, tó bá jẹ́ orí YouTube lẹ ti wò ó, TED ló ṣáájú torí àwọn ló ni ṣánẹ́ẹ̀lì.

Nọ́ńbà 12:40 yẹn, ìṣẹ́jú kejìlá àti ogójì sẹ́kọ́ǹdì ni, òun ló dúró fún ojú ewé tẹ́ ẹ bá ń kọ tìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa kọ. MLA máa ń fẹ́ wákàtí mọ́ ọn, 00:12:40 báyìí, ẹ sì lè kọ ibi tó parí sí náà. Ẹ má fò ó o, torí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ yín ò ní jókòó wo fídíò wákàtí méjì nítorí gbólóhùn kan.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí i, Eyo ló fẹ́ kọ̀wé lé lórí, inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn púpọ̀ torí ó mọ ohun tó ń sọ, ó mọ̀ pé Adímú, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn Eyo, ló ń dé àkẹtè dúdú, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pámbàtà ṣe. Ó wá kọ ọ́ sínú orí kẹta pé "nínú Eyo tí wọ́n ṣe ní 2021", ó sì fi fídíò YouTube kan gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká wo fídíò yìí." A wò ó pa pọ̀. Bí àwọn ẹlẹ́yọ̀ ṣe ń kọjá, pátákó kan wà lẹ́yìn wọn, mo ní kó dá a dúró, a fi ọwọ́ méjì fẹ ojú fóònù sí i, Lagos @ 50 ló wà lára ẹ̀. Àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó, 2017 nìyẹn! Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n ṣe Eyo ọ̀hún. Ẹni tó ya fídíò náà ló gbé e sílé di 2021 kó tó gbé e síta. Ọmọ náà kàn fọwọ́ bo ẹnu ni. Ohun tá a ṣe ni pé a fi 2021 sílẹ̀ nínú rẹ́fáránsì, torí ọdún tí fídíò jáde ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ nínú ẹ́sè a kọ ọ́ kedere pé Eyo 2017 ni fídíò náà ń ṣàfihàn. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń lo fídíò ayẹyẹ, ìwọ́de tàbí ìròyìn, ẹ bi ara yín léèrè pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n gbé e síta, méjèèjì lè jìnnà síra wọn gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa tá à ń lo fídíò Yorùbá nínú ẹ́sè tá a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Àkọlé Yorùbá yẹn, ẹ kọ ọ́ bí oní-nǹkan ṣe kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe, ẹ má fi àmì ohùn sí i tí kò bá fi sí i, kẹ́ ẹ wá kọ ìtumọ̀ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sínú bráákẹ́ẹ̀tì onígun ṣáájú [Video]. Tẹ́ ẹ bá wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra yín, APA ò ní kẹ́ ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu sí i o, torí Gẹ̀ẹ́sì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà mọ́, ẹ̀yin lẹ tún un sọ. Ẹ kàn kọ orúkọ, ọdún àti ìṣẹ́jú sẹ́yìn ẹ̀. Èmi máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ Yorùbá ẹ̀ gan-an síbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ oríkì tàbí òwe, torí ìtumọ̀ kì í gbé gbogbo ẹ̀ tán.

Fún TikTok, ọ̀nà kan náà ni: orúkọ, orúkọ tó ní @ nínú bráákẹ́ẹ̀tì onígun, ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò ló máa dúró bí àkọlé, tó bá gùn, ogún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti tó, [Video], TikTok, líǹkì. Ti WhatsApp ló ṣòro. Fídíò tí wọ́n ń fọ́wáàdì kiri ò ní bàbá, ẹ ò mọ ẹni tó yà á, ẹ ò mọ ọjọ́ tó jáde, ẹni tó bá ń kàwé yín ò sì lè wọ fóònù yín lọ wò ó. Ẹ wá a lọ sórí YouTube tàbí Facebook, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ gbọ́ nínú ẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kọ́ ilé lé e lórí.

Fídíò tí wọ́n jí gbé wá láti ṣánẹ́ẹ̀lì oní-nǹkan náà, ẹ sá fún un. Èmi mọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí mò ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì tèmi, mo lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tẹ́nì kan gé lára ètò tẹlifíṣọ̀n tó gbé sórí ṣánẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló gbé orí kẹrin mi dúró. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ yẹn, ọ̀gá tó wá láti ìta láti yẹ iṣẹ́ wa wò yọ fóònù, ó tẹ líǹkì náà, ó na fóònù sí mi, ojú dúdú kan báyìí, "Video unavailable". Wọ́n ti pa ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn rẹ́. Kò bú mi o, ó kàn ní ọ̀rọ̀ tóun ò lè rí, òun ò lè gbà á. Gbogbo abala yẹn ni wọ́n ní kí n yọ, mo sì tún orí kẹrin kọ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ìdajì ẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù torí wọn ò mú iná wá. Bẹ́ẹ̀, ètò yẹn wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ṣe é, ó pé pérépéré, mi ò kàn wá a ni.

Nítorí náà, ẹ wá ṣánẹ́ẹ̀lì ẹni tó ni ín. Ẹ gbé líǹkì yẹn lọ sí Wayback Machine ní web.archive.org kó bá yín tọ́jú ojú ewé náà, kì í fìgbà gbogbo gbé fídíò gan-an pa mọ́, àmọ́ àkọlé, orúkọ àti ọjọ́ máa wà níbẹ̀ bí ẹ̀rí. Ẹ ya screenshot ojú fídíò náà níbi ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, fídíò míì tiẹ̀ ní transcript nínú àlàyé abẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣe kọ́pì, àmọ́ ẹ fetí gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọn, torí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń kọ ọ́, tó bá sì kan orúkọ Yorùbá ó máa ń bà á jẹ́ pátápátá.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Zotero, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to rẹ́fáránsì, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa, ẹ kàn yẹ ohun tó bá kọ wò kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ bá ti ojú fídíò mu. Àmọ́ ẹ má ní kí AI bá yín dá rẹ́fáránsì fídíò sílẹ̀. Ó lè kọ líǹkì tó jọ líǹkì gidi tí kò sì sí fídíò kankan níbẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa rò pé ẹ̀yin lẹ parọ́.

Ó ku títò. Ẹ to gbogbo ẹ̀ ní A, B, D pẹ̀lú àwọn ìwé, ẹ má ya fídíò sọ́tọ̀ sábẹ́ àkọlé tiẹ̀ àfi tí dìpátímẹ́ǹtì bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Fídíò méjì látọwọ́ ẹnì kan nínú ọdún kan, ẹ fi a àti b sẹ́yìn ọdún, 2020a, 2020b, bákan náà nínú ẹ́sè. Ìlà àkọ́kọ́ á jáde sí òsì, ìlà tó kù á wọlé díẹ̀, nínú Word ẹ máàkì gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ Ctrl àti T, ó ti ṣe nìyẹn, ẹ má fi spacebar tì í lọ́kọ̀ọ̀kan torí tẹ́ ẹ bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà míì gbogbo ẹ̀ á fọ́nká. Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé Word ẹ̀ wá, ẹ má ṣe gbé PDF nìkan dání, kó lè rọrùn láti tún lẹ́tà kan ṣe kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.